Black-Eyed Susan ní Surrey: Àkọsílẹ̀ Eré Atukọ̀ Kan àti Àwọn Tí Ó Jẹ Èrè Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1829, Surrey Theatre, ilé ìṣeré kan ní gúúsù odò Thames nílùú London, gbé eré tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní Black-Eyed Susan; or, All in the Downs. Douglas Jerrold, ẹni ọdún 26, ni ó kọ ọ́. T. P. Cooke ni ó ṣe William, atukọ̀ tí ìtàn náà dá lé lórí, Robert William Elliston sì ni ọ̀gá ilé ìṣeré náà. Eré yìí lò ju 150 alẹ́ lọ ní Surrey, ó sọdá odò lọ sí Covent Garden, àwọn òṣèré kò sì fi í sílẹ̀ títí ọ̀rúndún náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwa tí a ń kọ eré, tí a ń darí eré, tí a sì ń jẹun nídìí rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo eré òkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní sáà yẹn, n kò rí èyí tí ó fi ohun tí ń mú eré pẹ́ láyé hàn tó o, tí ó sì tún fi ẹni tí ń kó owó rẹ̀ lọ hàn kedere bẹ́ẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí kí eré náà tó dé ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1737 ni òfin kan ti wà tí ó fi eré olọ́rọ̀ ẹnu sí ìkáwọ́ àwọn ilé ìṣeré tí ó ní ìwé àṣẹ nìkan. Ní London, Drury Lane àti Covent Garden ni èyí ń tọ́ka sí, pẹ̀lú Haymarket tí ó máa ń ṣe tirẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìṣeré kékeré tí kò ní àṣẹ yìí, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí kọ́ọ̀tù, gbọ́dọ̀ fi orin, ijó, ìfarasọ̀rọ̀ àti ìran tí ń dá ojú lọ́lá bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀. Surrey wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀. Royal Circus ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1782, ẹṣin ni ó sì ń sáré yípo nínú rẹ̀. Elliston ti gbà á rí ní 1809, ìgbà náà ni ó ṣe Macbeth níbẹ̀ tòun ti orin àti ìfarasọ̀rọ̀ kí òfin má baà mú un. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ̀gá Drury Lane ní 1819, gbèsè lé e kúrò níbẹ̀ ní 1826, ó sì padà sí Surrey ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí ó ti ga tí ó sì ti wólẹ̀ ni, ó ń wá ohun tí yóò tún gbé e dìde.

Inú òfin yẹn náà ni irú eré tí wọ́n ń pè ní mẹlodírámà ti rí ilẹ̀ dáadáa. Orin ń lọ lábẹ́ ìṣe, ẹni rere àti ẹni ibi kò ṣòro láti dá mọ̀, ewu sì ń ga títí yóò fi kan góńgó kí ìdáǹdè tó dé. Àwọn tí ń ṣe eré wọ̀nyí tètè rí i pé òkun wúlò fún iṣẹ́ náà. Nígbà ogun pẹ̀lú Faransé, àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé ní 140,000, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1815 wọn kò ju nǹkan bí 20,000 lọ mọ́. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ kún etí odò London, àwọn àti ìyàwó wọn, àwọn opó àti àwọn ọmọ. (Ọmọ ogun ojú omi kan náà tí a ń sọ yìí ni ó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, nítorí náà àwa náà mọ̀ wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni a gbà mọ̀ wọ́n.) Ní 1825, Adelphi, ilé ìṣeré mìíràn ní London, ti ṣe The Pilot tí Edward Fitzball kọ, Cooke ni ó sì ṣe atukọ̀ inú rẹ̀. Ọjà náà ti wà ní títà. Ohun tí kò tíì sí ni eré tí yóò sọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn yìí rí ní tòótọ́.

Jerrold kò gbọ́ ìròyìn òkun lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìṣeré kékeré kan ní Sheerness, ìlú tí àwọn ọkọ̀ ogun ń gúnlẹ̀ sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1813, kí ó tó pé ọmọ ọdún 11, ó wọ ọkọ̀ ogun Namur gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ ọ̀gá. Charles Austen, àbúrò Jane Austen òǹkọ̀wé, ni ọ̀gákọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wà nínú ọkọ̀ kékeré kan, Ernest, tí ó kó àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Waterloo padà sílé ní 1815. Ó rí bí wọ́n ṣe ń na àgbàlagbà ọkùnrin ní ẹgba lójú gbogbo èrò ọkọ̀, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ láéláé. Cooke ní tirẹ̀, tí wọ́n bí ní 1786, ti wà nínú iṣẹ́ ogun ojú omi láti kékeré, ó sì wà níbi ìjà Cape St Vincent ní 1797. Kí ó tó di William, ó ti fi ara ṣe iṣẹ́ ńlá láìlo ọ̀rọ̀ púpọ̀: òun ni ó ṣe ẹ̀dá abàmì Frankenstein lórí ìtàgé ní 1823. Bí ẹ bá da àwọn méjì yìí pọ̀, ẹ óò rí òǹkọ̀wé tí ó mọ bí ìyà ṣe rí nínú ọkọ̀ àti òṣèré tí ó mọ bí atukọ̀ ṣe ń dúró, tí ó mọ bí ó ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ líle àti bí ó ṣe ń jó hornpipe, ijó àwọn atukọ̀. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀-ún. Èrò tí ó kún Surrey lálẹ́ ọjọ́ yẹn mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí ń díbọ́n.

Bí eré náà ṣe dé ọwọ́ Elliston jẹ́ ìyípadà àkọ́kọ́. Jerrold ń ṣiṣẹ́ fún Coburg, ilé ìṣeré tí ó wà ládùúgbò kan náà, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Old Vic. Òǹkọ̀wé ilé ni ó jẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń san owó ọ̀sẹ̀ fún un, òun náà ń kọ eré tẹ̀ lé eré bí ẹni ń po búrẹ́dì. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Davidge, ọ̀gá ibẹ̀, ó jáde, ó sì mú Susan tọ Elliston lọ. Elliston gbà á síṣẹ́ ní 5 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀. Ní ti eré yìí gan-an, àpapọ̀ gbogbo ohun tí Jerrold rí gbà lórí rẹ̀ kò tó 100 pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni ó wọlé fún ilé ìṣeré. N kò rò pé Elliston jí ohunkóhun. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni ó ṣe: ọ̀gá máa ń ra ìwé eré pátápátá, bí ẹni ra iṣu, ohun tí ó bá sì fi gún kò kan ẹni tí ó gbìn ín mọ́. Bí wọ́n bá sì tẹ eré náà jáde, ilé ìṣeré yòówù tí ó wù ú lè ṣe é ní ìlúkílùú láì fún òǹkọ̀wé ní kọ́bọ̀.

Ní báyìí, ìtàn náà fúnra rẹ̀. Jerrold mú orúkọ eré àti àwọn olólùfẹ́ méjèèjì láti inú orin kan tí John Gay kọ ní 1720, nípa Susan tí ó wọ ọkọ̀ lọ kí William pé ó dìgbóṣe. Ó gbé ìtàn sí Deal, ìlú etíkun tí àwọn ọkọ̀ ogun ń dúró sí níwájú rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ owó ilé bẹ̀rẹ̀. Doggrass, àbúrò òbí Susan, ni onílé. Ó ń halẹ̀ mọ́ ọmọ ìdílé ara rẹ̀ pé òun yóò lé e jáde, ó sì rán àwọn béélífù, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tí ń gba gbèsè, sí i. Onífàyàwọ́ kan, Hatchet, ń parọ́ pé William, ọkọ Susan, ti kú sínú òkun kí òun lè rí Susan fẹ́. William dé, ó tú àṣírí rẹ̀. Ibi tí eré lásán ìbá ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, Crosstree, ọ̀gákọ̀ William, tí ọtí ti pa, rí Susan, ó sì fẹ́ fi ipá dì í mú. Susan ké. William sáré dé, ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni ó rí, ó fà idà yọ, ó ṣá a lulẹ̀. Ìgbà tí ọkùnrin náà yí ojú padà ni William tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ni. Lábẹ́ òfin ogun ojú omi, ikú ni ìdájọ́ ẹni tí ó bá na ọ̀gá rẹ̀, òfin kò sì béèrè ohun tí ọ̀gá náà ń ṣe lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ìran kọ́ọ̀tù ológun. Àwọn ọ̀gá jókòó sí tábìlì, Ádímírà, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi, wà láàárín wọn, wọ́n sì bi William bóyá ó jẹ̀bi. Ó fèsì pé òun kò gbèrò láti pa ọ̀gákọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀bi pé kí atukọ̀ gbèjà ìyàwó rẹ̀, a jẹ́ pé òun jẹ̀bi. Wọ́n pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yìn ín. Kò sí ọ̀gá búburú kan lórí tábìlì náà. Ádímírà pàápàá káàánú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ìran náà wà. Ní ibòmíràn, mẹlodírámà yóò fi ìkà ènìyàn kan sí ìdí ọ̀rọ̀ kí inú wa lè bí sí i, ṣùgbọ́n Jerrold fi òfin fúnra rẹ̀ síbẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rere jókòó ka ìdájọ́ ikú lé orí ẹni rere. Ọkùnrin tí ó ti fún òfin yẹn ní ọdún 10 ayé rẹ̀, tí ó sì jókòó sí ẹ̀yìn ní Surrey pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ìran ìkẹyìn lọ síwájú sí i. Iwájú ọkọ̀ ogun ni ìtàgé ń ṣàfihàn. Agogo ń dún ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, wọ́n ń tò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀: ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kó idà lọ́wọ́, William tẹ̀ lé e láìní jákẹ́ẹ̀tì, láìní aṣọ ọrùn, ọmọ ogun kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, Ádímírà àti àwọn ọ̀gá yòókù lẹ́yìn wọn. Ó kúnlẹ̀, gbogbo wọn gbàdúrà. Àsíá ofeefee ń fẹ́ lórí òpó iwájú, wọ́n ti so pákó tí yóò dúró lé lórí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, atukọ̀ kan sì dúró ti ìbọn ńlá pẹ̀lú okùn rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ìró ìbọn yẹn ni àmì ìpànìyàn. William dì mọ́ àsíá orílẹ̀-èdè, ó bọ Ádímírà lọ́wọ́. Ìgbà náà ni Crosstree já wọlé, tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì san, tòun ti ìwé kan tí ó fi hàn pé nígbà tí William ṣá òun, kì í ṣe ọmọ ogun ọba mọ́: òun Crosstree fúnra rẹ̀ ni ó ti bá a bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀, nítorí William ti gba ẹ̀mí òun là rí, ṣùgbọ́n Doggrass dá ìwé náà dúró. Doggrass ti kú sómi, ara òkú rẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Ọ̀pọ̀ alárìíwísí ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé yẹn pé ó rọrùn jù. Èrò tèmi yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó dárí ji William nínú eré náà, òfin kò sì rọ̀ fún un. Ìdí kan ṣoṣo tí kò fi kú ni pé ó ti bọ́ kúrò lábẹ́ òfin náà kí ó tó gbé idà. Òǹkọ̀wé tí kò sọ ọ́ lójú ìjọba pé òfin ọkọ̀ ogun burú rí ọ̀nà sọ ọ́ láìṣẹ̀: kí ènìyàn tó lè gbèjà ilé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìtúsílẹ̀.

Nígbà tí òkìkí eré náà kàn, àwọn tí kì í sọdá odò bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Surrey, gbajúmọ̀ àti mẹ̀kúnnù. Ìyípadà kejì wáyé nígbà tí Covent Garden, ilé ìṣeré tí ó ní àṣẹ ọba, gba Cooke láti wá ṣe William níbẹ̀. Gbèsè ti wọ Covent Garden lọ́rùn ní ọdún 1829 yẹn. Ilé tí òfin ń dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé kékeré wá ń tọrọ eré lọ́wọ́ wọn, àṣírí òfin náà sì ti tú. Ẹ kíyè sí i pé òṣèré ni wọ́n pè. Orúkọ Cooke ni ó wà lẹ́nu èrò, òun ni ó ń gbé William kiri láti ilé kan sí èkejì, owó sì ń tẹ̀ lé e. Jerrold tí ó kọ ọ́ kò ní agbára kankan lórí ibi tí ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1832, Edward Bulwer, aṣòfin tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, darí ìgbìmọ̀ kan tí ó wádìí ipò eré ṣíṣe, Jerrold sì wà lára àwọn tí ó wá jẹ́rìí. Òfin jáde ní ọdún 1833 tí ó fún òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ẹni tí yóò ṣe eré rẹ̀ àti láti gba owó lórí rẹ̀. Ìgbèkùn ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ dúró títí di 1843 kí òfin mìíràn tó fòpin sí i. Èyí kò padà sọ Jerrold di olówó lórí Susan, ṣùgbọ́n ìtàn bí wọ́n ṣe rà á wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé àwọn aṣòfin.

Cooke kò fi William sílẹ̀ mọ́. Ó ṣe é ju ìgbà 700 lọ ní ayé rẹ̀. Jerrold kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1857, ọdún 28 géérégé lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́ ní Surrey, nígbà tí Charles Dickens òǹkọ̀wé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń kó owó jọ fún ìdílé Jerrold, Cooke tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún tún jáde ní Adelphi láti ṣe ipa náà. Ó kú ní 1864, ó sì fi 2,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ẹ̀bùn eré òkun tí ó bá dára jù lọ.

Láti ìgbà náà ni eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà, èyí sì ni apá tí mo fẹ́ kí àwọn olùdarí eré ronú lé lórí jù lọ. Ní 1866, F. C. Burnand gbé eré ẹ̀fẹ̀ kan jáde ní Royalty Theatre tí ó fi Susan àti William ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì lò ju 400 alẹ́ lọ, ìyẹn ni pé ẹ̀fẹ̀ náà pẹ́ lórí ìtàgé ju alẹ́ tí ojúlówó lò ní Surrey lọ. Lẹ́yìn náà, ní 1878, Gilbert tí ń kọ ọ̀rọ̀ àti Sullivan tí ń kọ orin fi eré olórin wọn, H.M.S. Pinafore, rẹ́rìn-ín sí gbogbo àṣà eré òkun pátápátá. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ọdún 1860 ni ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì so ènìyàn rọ̀ sórí igi ọkọ̀ kẹ́yìn. Èrò tí ó jókòó ní Royalty kò ní ẹ̀gbọ́n tí irú ikú bẹ́ẹ̀ lè pa. Nígbà tí ẹ̀rù ti kúrò nínú ìran ìkẹyìn, ohun tí ó kù ni aṣọ atukọ̀, ijó, àti ọ̀rọ̀ ẹnu William tí ó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣàpèjúwe ohun gbogbo títí kan ìyàwó rẹ̀. Ìwọ̀nyí nìkan, láìsí okùn lẹ́yìn wọn, a máa pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ní 1880, St James's Theatre gbìyànjú láti tún ìtàn náà kọ kí ó lè bá àwọn ọlọ́lá mu, pẹ̀lú orúkọ William and Susan. Ní ìparí 1896, William Terriss tún ṣe ojúlówó ní Adelphi. Àwọn ìgbìyànjú wọ̀nyí níyì, ṣùgbọ́n wọn kò dá ẹ̀rù tí ó sọnù padà.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣèré kan bá fẹ́ gbé eré yìí tàbí irú rẹ̀ jáde lónìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí ijó. Kí olùdarí kọ́kọ́ jẹ́ kí òǹwòran mọ òfin náà ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, bóyá nípa fífi ẹni tí wọ́n nà ní ẹgba hàn, kí ìran kọ́ọ̀tù tó dé. Kí ó má sì gé ìtò ìkẹyìn kúrú nítorí pé ó ń fa àkókò gùn, torí pé orí àkókò yẹn ni gbogbo ìwọ̀n eré náà wà. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó wá ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí kí ó kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe ń dúró. Fún òǹkọ̀wé tí ilé ìṣeré tàbí onífíìmù bá sì fẹ́ ra ìwé rẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ó tó gba kọ́bọ̀, iye ìgbà tí wọ́n lè ṣe eré náà àti ìlú tí wọ́n ti lè ṣe é, ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ rẹ̀ àti láti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ohun tí yóò máa kàn án nígbà tí òṣèré tí ó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀ bá gbé e lọ sí ilé mìíràn.